Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́: Òrí, Oyin àti Ewé Nínú Ọṣẹ Tí A Fi Ọwọ́ Ṣe

Ẹ̀kọ́ ti ìgbà yìí wà fún àwọn tí ń ṣe ọṣẹ tà, pàápàá jùlọ àwọn ìyá wa tí wọ́n fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ohun tí ó mú wa kọ ọ́ ni pé a máa ń rí ọṣẹ tí ó bàjẹ́ lórí àtẹ, tí kì í ṣe epo ni ó bà á jẹ́, tí kì í sì í ṣe kọ́sítíìkì. Àfikún tí a fi sí i kí ó lè dára jù ni ó bà á jẹ́. Ẹnì kan gbọ́ pé efinrin dára fún ara, ó gún un ní tútù, ó dà á sínú ọṣẹ. Kò pé oṣù kan, ọṣẹ ti bu. Owó ẹgbẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa àfikún, ó yẹ kí á mọ irú ọṣẹ tí a ń ṣe. Àwọn ìyá wa àtijọ́ a máa sá èèpo kókó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn a sun ún títí yóò fi di eérú, wọn a kó eérú náà sínú ajere, wọn a da omi lé e. Omi eérú tí ó bá kán sílẹ̀ ni wọ́n ń bá àdín tàbí epo pupa sè pọ̀, títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kókó tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, ti ṣe iṣẹ́ lórí èèpo kókó yìí, nítorí náà kí àgbẹ̀ tí ń dà á nù sí oko tún èrò rẹ̀ pa. Pọ́táṣì ni ó wà nínú eérú, ọṣẹ rírọ̀ ni ó sì ń fún wa. Kọ́sítíìkì sódà ni ó ń fún wa ní ọṣẹ líle tí a lè gé.

Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀kọ́ yìí nìyí. Ọṣẹ dúdú ti jinná, iṣẹ́ ti parí láàárín epo àti omi eérú kí a tó fi nǹkan pò ó. Ohun tí a bá fi pò ó lẹ́yìn náà yóò wà níbẹ̀ bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kọ́sítíìkì tí a dà sínú àpótí láì sè é, inú àpótí yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń lọ. Ohunkóhun tí a bá fi sí i yóò bá kọ́sítíìkì pàdé, kọ́sítíìkì kì í sì í dá ohun tí ó bá pàdé sí.

Ẹ jẹ́ kí á fi òrí ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka òrí sí àfikún, ṣùgbọ́n epo ni òrí, kọ́sítíìkì kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí epo yòókù. Kílò kan epo pupa ń fẹ́ nǹkan bí gíráàmù 142 kọ́sítíìkì kí gbogbo rẹ̀ tó di ọṣẹ. Kílò kan àdín ń fẹ́ nǹkan bí 176. Òrí ń fẹ́ nǹkan bí 128. Bí a bá wọn epo pupa gíráàmù 700 àti àdín gíráàmù 300, àpapọ̀ kọ́sítíìkì tí wọn yóò jẹ jẹ́ 152. A kì í lò ó pé tán. A ó yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́kù fún ara, yóò ku 145. Omi rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 330. Wàyí o, bí ìyáàfin kan bá wá ju òrí gíráàmù 100 lé e láì tún ìṣirò ṣe, epo tí kò rí kọ́sítíìkì bá ṣe yóò ju ìlọ́po méjì ohun tí a fẹ́ lọ. Ọṣẹ náà yóò rọ̀, kò ní hó dáadáa, bí ó bá sì pẹ́ nílẹ̀, àmì pupa rúsúrúsú yóò hàn lára rẹ̀, yóò sì máa rùn bí epo tí ó ti kan. Ohun tí ó yẹ ni kí ó yọ epo pupa 100 kúrò, kí ó fi òrí 100 rọ́pò rẹ̀, kí kọ́sítíìkì sì di 143. Nínú ọṣẹ dúdú, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ yọ́ òrí, ẹ fi pò ó lẹ́yìn tí ọṣẹ bá ti jinná tí ó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní tiwa, ibẹ̀ gan-an ni owó òrí ti ń mú èrè wá.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé òṣùwọ̀n ni a fi ń ṣe gbogbo ìṣirò yìí, kì í ṣe agolo. Bí ẹnì kan kò bá lágbára àtira òṣùwọ̀n, ẹgbẹ́ lè ra ẹyọ kan kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa yá a lò.

Oyin dára, ó ń jẹ́ kí ọṣẹ hó. Ṣíbí ńlá kan tó fún kílò epo kan. Ẹ fi omi díẹ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó kí ẹ tó dà á sí i. Bí ó bá ti pọ̀ jù, ọṣẹ yóò gbóná nínú àpótí, orí rẹ̀ yóò là, omi dúdú yóò sì máa sun lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi aṣọ bo ọṣẹ olóyin. Ọṣẹ dúdú ní tirẹ̀ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, oyin yóò sì fi kún un, nítorí náà ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e lọ sí ọjà, àgàgà ní ìgbà òjò.

Ọ̀rọ̀ ewé ni ó gba sùúrù jù. Ewé tútù ní omi nínú, ègé rẹ̀ a sì máa bu nínú ọṣẹ. Àwọ̀ ewé rẹ̀ pàápàá kì í dúró, yóò di bíi ilẹ̀ tí òjò pa. Ọ̀nà méjì ni ó dára. Èkínní, ẹ sá ewé náà sí ibòji títí yóò fi gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú àdín fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì wọn àdín náà bí epo yòókù. Èkejì, ẹ se ewé, ẹ sẹ́ omi rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ fi gíráàmù 100 rẹ̀ rọ́pò díẹ̀ nínú omi 330 náà. Ẹ má ṣe fi omi ewé yo kọ́sítíìkì. Omi lásán 230 ni kí ẹ fi yò ó, kí ẹ da omi ewé sínú epo. Bí ẹ bá sì ń retí kí ọṣẹ kọ́sítíìkì máa ta sánsán bí efinrin inú ọbẹ̀, ẹ kò ní rí i. Ooru àti kọ́sítíìkì a máa pa òórùn náà.

Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni a kò fọwọ́ sí rárá fún ọṣẹ kọ́sítíìkì. Ohun kíkan inú ọsàn ni kọ́sítíìkì kọ́kọ́ ń bá jà. Omi ọsàn mílílítà 100 lè pa nǹkan bí gíráàmù 4 kọ́sítíìkì, epo tí ì bá di ọṣẹ yóò wá ṣẹ́kù. Ohun kíkan náà kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́, a jẹ́ pé ẹni tí ó ń sọ fún oníbàárà pé ọsàn inú ọṣẹ yóò mú ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò sọ òtítọ́.

Osùn lílọ̀ dára fún àwọ̀, ṣíbí ńlá kan fún kílò epo kan. Àtalẹ̀ pupa yóò pọ́n bíi bíríkì bí ó bá ti kan kọ́sítíìkì. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì fi kún un.

A mọ̀ pé àwọn àgbà ń fi ewé asunwọn òyìnbó pa làpálàpá, a kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọṣẹ kì í pẹ́ lára kí á tó ṣàn án kúrò. Bí ẹ bá kọ ọ́ sára páálí pé ọṣẹ yín ń wo àrùn, ẹ ti kúrò ní ọjà ọṣẹ, ẹ ti bọ́ sí ọjà oògùn, NAFDAC yóò sì bi yín léèrè ẹ̀rí. Ọṣẹ ara lásán pàápàá, a gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí á tó máa tà á fún gbogbo ayé. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ lè fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe nìyẹn, nítorí owó rẹ̀ wúwo fún ẹnì kan. Ní ti ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ pé kí ẹ fi sínú ọṣẹ kí ó lè máa bó ara, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Mẹ́kúrì wà nínú òmíràn, kíndìnrín ni ó ń bàjẹ́, òfin kò sì gbà á.

Kọ́sítíìkì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Sínú omi ni a ń da kọ́sítíìkì, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí. Ike tí ó nípọn ni kí ẹ lò. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, yóò jẹ ẹ́. Bí ó bá ta sí yín lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ máa ṣàn sí i fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má ṣe gbé omi kọ́sítíìkì sínú ife tàbí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò láé. Àwọn ọmọ kéékèèké ti mu ún ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, wọ́n rò pé omi ni, ọ̀nà ọ̀fun wọn sì dí títí di pé iṣẹ́ abẹ ni. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fún ọmọ ní epo pupa mu, ẹ má sì ṣe mú un bì; ohun tí ó jó o nígbà tí ó ń lọ sísàlẹ̀ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń padà bọ̀. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní yàrá tí ó ní kọ́kọ́rọ́, kí ó bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa bá a pa kọ́sítíìkì mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdíyelé. Ọṣẹ kọ́sítíìkì gbọ́dọ̀ wà lórí pẹpẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Omi ń gbẹ lára rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Èyí tí ó wọn gíráàmù 100 ní ọjọ́ tí a gé e lè má ju 90 lọ ní ọjọ́ tí a óò tà á. Nítorí náà, ọjọ́ títà ni kí ẹ wọn ọṣẹ, kì í ṣe ọjọ́ gígé. Bí ẹ bá sì ń bá akápò ṣe àdéhùn ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí san ẹ̀yáwó padà, ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí mọ́ ọn kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé.