Àpótí Ìmọ̀: Apá Àtọwọ́dá Tó Bá Èkó Mu

Ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Lónìí, apá àtọwọ́dá pín sí oríṣi mẹ́ta pàtàkì: èyí tó wà fún ojú lásán, èyí tí okùn wáyà àti bẹ́líìtì èjìká ń fà, àti oníbátìrì tó ń gba àmì iná tíńtínní láti inú iṣan tó kù.

Ní Uyo, John Amanam, tó ń ṣe ọgbẹ́ àfarawé fún fíìmù tẹ́lẹ̀, ń fi sílíkóònù ṣe ọwọ́ ojú lásán tó bá awọ adúláwọ̀ mu.

Àmọ́ ẹ gbé oníbátìrì wá sí Lẹ́kí. Ooru etí òkun á mú òógùn kóra jọ sínú ihò tí kùkùté apá ń wọ̀; apá náà á máa yọ̀, á máa bó ara, òógùn náà á sì da àmì iṣan rú. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kì í ṣàánú irin. Ní Ajah, èrò danfo gbọ́dọ̀ di ilẹ̀kùn mú, kó tún san owó ọkọ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá sì ti lọ, tí ó fi òsì na owó sí àgbàlagbà, wàhálà dé! Ìdí nìyí tí mi ò fi fojú kéré ọwọ́ ojú lásán: a lè fi ti òsì lẹ́yìn, kí ọ̀wọ̀ lè pé.

Nígbà mìíràn, dípò apá tuntun, abọ́ tó ní rọ́bà nídìí ló yẹ ká ṣe, kó má sáré kiri níwájú ẹni tó ń fi ọwọ́ kan bu ẹ̀bà.