Òjò Àkọ́kọ́ Kọ́ Ni Òjò Ìgbìn
Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lórí ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ohun kan tó ń jẹ owó àgbẹ̀ lọ́dọọdún: nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ wo gan-an ló yẹ ká gbin àgbàdo?

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú láti oṣù Kejìlá. Ní ìparí oṣù Kejì tàbí nínú oṣù Kẹta, ìjì á ṣàdédé jà, ààrá á sán, òjò ńlá kan á rọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, oníkálukú á gbé irúgbìn, ó di oko. Ọ̀sẹ̀ kan á kọjá, ọjọ́ mẹ́wàá á kọjá, òjò ò padà wá mọ́. Àgbàdo tó ti yọ ewé méjì mẹ́ta á rọ. Èyí tí kò tíì hù, èèrà àti ẹyẹ á kó o. Éékà kan ń gba nǹkan bíi kìlógíráàmù 8 sí 10 irúgbìn àgbàdo. Ẹni tó bá gbìn lẹ́ẹ̀mejì ti náwó lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ti san owó lébìrà lẹ́ẹ̀mejì, kó tó fojú rí ọmọ àgbàdo kan ṣoṣo.

A mọ ohun tó ń mú yín kánjú. Àgbàdo tútù tó bá kọ́kọ́ dé ọjà ló ń pa owó. Nítorí náà, a ò ní kí ẹ jókòó sílé. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ẹ dá òjò tó wá ṣe ìbẹ̀wò mọ̀ yàtọ̀ sí òjò tó wá dúró.

IBO NI ÒJÒ WA TI Ń WÁ?

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń fa ojú ọ̀run wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́, tó ń ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀. Gbígbẹ ni òun. Èkejì ń ti orí òkun fẹ́ wọlé. Omi ni òun rù. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan, oòrùn ló ń tẹ̀ lé. Nínú oṣù Kìíní, ìpàdé wọn kì í jìnnà sí etíkun wa. Láti oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ òkun á máa ti ọyẹ́ padà sí apá àríwá díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi di oṣù Kẹjọ, ó ti tì í dé ẹ̀bá aṣálẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun tó dé ọ̀dọ̀ wa ṣì fẹ́lẹ́. Ooru á mú wa lóru, ara á máa rin, ṣùgbọ́n omi tó wà lókè kò tíì tó láti máa rọ̀ déédéé. Òjò ìjì nìkan la máa ń rí, èyí tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fúùfù àti mànàmáná. Ó lè rọ̀ gan-an ní Ìmọ̀tà kó má kán tóótó ní Ìjẹ̀dẹ́. Ó lè lu Èjìnrìn kó fo Ẹ̀pẹ́. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ òkun bá nípọn dáadáa, láti oṣù Kẹrin wọ oṣù Karùn-ún, ni òjò tó ń tẹ̀ lé ara wọn tó dé.

Ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní ìlú Èkó, òjò inú oṣù Kìíní kì í sábà pé mílímítà 30. Ti oṣù Kẹfà nìkan máa ń lé ní 300.

ÀMÌ MẸ́TA TÍ Ẹ Ó WÒ

1. Ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì òjò, ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ìrinrin kò bá wọlẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tí a tẹ́ tán, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, kò tíì tó. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ náà, kí ẹ fún un mọ́wọ́. Bó bá dì mọ́ra, ó dára. Ilẹ̀ oníyanrìn kì í dì bíi ti amọ̀, omi sì ń tètè fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń dáko lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti ṣe sùúrù ju aládùúgbò rẹ̀ lọ.

2. Iye òjò. Kí òjò tó rọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó mílímítà 20, ó kéré tán.

3. Òjò kejì. Kí òjò mìíràn tó nítumọ̀ tún rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Àmì yìí ló ṣe pàtàkì jù. Òjò kan lè tan ni jẹ. Bí méjì mẹ́ta bá tẹ̀ lé ara wọn, a jẹ́ pé àsìkò ti wọlé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ká má torí òjò tó ṣú da omi inú agbada nù. Irúgbìn inú àpò yín ni omi agbada yẹn o.

BÍ Ẹ ṢE LÈ WỌN ÒJÒ NÍNÚ OKO YÍN

Kò gba owó. Ẹ wá agolo tí ìdí rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e sórí òpó kúkúrú ní gbangba, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti ní dí i, tí omi ilẹ̀ kò sì ní ta sínú rẹ̀. Ní àràárọ̀, ẹ ki rúlà àwọn ọmọ ilé-ìwé bọ̀ ọ́. Bí omi bá ga tó sẹ̀ǹtímítà kan, mílímítà 10 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ gbé agolo padà. Mílímítà kan òjò jẹ́ lítà omi kan lórí gbogbo mítà kan níbùú àti lóròó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwé yín á máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún yín nípa oko yín.

Ẹ fi ti ìjọba kún un. Àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, máa ń kéde lọ́dọọdún, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ọjọ́ tí wọ́n retí pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbọ́ ti rédíò, kí ẹ tún yẹ agolo yín wò. Ìkéde ń sọ ti agbègbè, agolo ń sọ ti oko yín.

PÍN OKO RẸ SÍ MẸ́TA

Ẹni tó fẹ́ jẹ nínú owó àgbàdo àkọ́kọ́, kó má fi gbogbo ilẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ẹ gbin ìdá kan nínú mẹ́ta nígbà tí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé. Ẹ gbin ìdá kejì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kí ẹ gbin ìyókù lẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pa ọ̀kan, kò ní pa gbogbo rẹ̀. Àgbàdo yín kò sì ní pọ́n lọ́jọ́ kan náà kí alájàpá wá máa dá iye tó wù ú lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ má fa ìgbìn gùn ju ìparí oṣù Karùn-ún lọ. Ìgbà tí àgbàdo bá ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ló nílò omi jù. Èyí tí ẹ bá gbìn ní àárín oṣù Kẹrin á bá òjò oṣù Kẹfà pàdé nígbà náà. Èyí tí ẹ bá gbìn nínú oṣù Kẹfà lè bọ́ sọ́wọ́ ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ. Kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo, èyí tó wọ Nàìjíríà lọ́dún 2016, sì tún máa ń fojú sí àgbàdo tó bá pẹ́.

LẸ́YÌN TÍ ÒJÒ BÁ TI DÉ

Oṣù Kẹfà ni òjò wa ń pọ̀ jù. Ẹ la ojú omi oko kó tó dé. Ẹ má fọ́n ajílẹ̀ nígbà tí òjò ńlá bá ń ṣú, àgbàrá ló máa gbé e lọ. Ẹ fi ẹ̀gẹ́ sórí ebè, pàápàá níbi tí omi ti ń dúró, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ á jẹrà.

Ẹ̀yin tó ń dáko lákùrọ̀ Ajégúnlẹ̀ àti Màjídùn, ojú ọ̀run nìkan kọ́ ni kí ẹ máa wò. Omi odò Ògùn ń bá yín láti òkè, bí wọ́n bá sì tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀, ó lè kún bò yín lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀ rárá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi bẹ́ẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá gbìn sí ìpadò, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ohun tí ẹ lè kórè kí oṣù Kẹsàn-án tó parí.

IṢẸ́ ỌWỌ́ YÍN

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ gbé agolo kan sí oko. Ẹ wá ìwé àjákọ kan fún un. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, kí oníkálukú mú tirẹ̀ wá, kẹ́ ẹ fi wéra níṣojú òṣìṣẹ́ ágíríìkì agbègbè yín. Ẹ óò rí i pé òjò tó rọ̀ lóko kan yàtọ̀ sí ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìgbìn náà ṣe gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ẹ rántí: ẹ yẹ ilẹ̀ wò, ẹ wọn òjò, ẹ dúró de òjò kejì. Oko yóò dára o.