Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Láti Dá Ìtọ́jú Dúró?



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn Mísà, obìnrin kan dúró dè mí. Bàbá rẹ̀ ti ṣe aláìsí. Kí ó tó kú, àwọn dókítà ti wí pé àrùn náà ré kọjá ìwòsàn. Pé ẹ̀rọ tí ń bá ni mí lè fi ọjọ́ díẹ̀ kún ọjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè wò ó sàn. Ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni wọn ìbá tà san owó rẹ̀. Bàbá náà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun lọ sílé, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹbí ti ń wí pé ọmọ ni ó pa á. Obìnrin náà bi mí pé, “Fàdá, ṣé èmi ni mo pa bàbá mi?”

Rárá o. Ní ọjọ́ 24 oṣù November, ọdún 1957, Póòpù Pius Kejìlá dáhùn irú ìbéèrè yìí, tí dókítà kan láti ìlú Innsbruck, ní ilẹ̀ Austria, gbé síwájú rẹ̀. Ó kọ́ni pé dandan ni kí a tọ́jú ẹ̀mí tí Ọlọ́run fún wa, ṣùgbọ́n kò di dandan kí a lo ìtọ́jú tí ó di ẹrù wúwo jù fún aláìsàn tàbí fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà wa pẹ̀lú wí pé àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ohun mẹ́ta yìí sọ́kàn.

Èkínní, a kò gbọdọ̀ pa aláìsàn, ìbáà ṣe nítorí àánú. Abẹ́rẹ́ tí a gún un kí ó lè kú lòdì sí Òfin Karùn-ún, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Èkejì, oògùn tí ń dín ìrora kù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ lè gé ọjọ́ kúrú, nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn, tí ó sì jẹ́ pé ìrọ̀rùn ni a ń wá, kì í ṣe ikú.

Ẹ̀kẹta, bí a tilẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró, a kò gbọdọ̀ dá ìfẹ́ dúró. Ní ọdún 2004, Póòpù John Paul Kejì kọ́ni pé oúnjẹ àti omi jẹ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ bá ṣì lè gbà á.

Kí ahun má ṣe fi ẹ̀kọ́ yìí bojú. Ẹni tí kò rí owó oògùn fún àrùn tí ó ṣeé wò, tí ó sì rí owó màlúù ìsìnkú, ní ẹjọ́ láti jẹ́ níwájú Ọlọ́run.

Níkẹyìn, ẹ tètè pe àlùfáà. Òróró Mímọ́ kì í ṣe àmì ikú; agbára àti ìdáríjì ni. Ẹ má dúró títí ohùn aláìsàn yóò fi lọ, tí kò ní lè jẹ́wọ́ tàbí gba Ara Olúwa mọ́.

Mo ní kí obìnrin náà lọ ní àlàáfíà. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa ẹni tí kò pa ènìyàn.