Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: Ìrora Ọmọ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ọmọdé, ọjọ́ kan náà ni a sábà máa ń gbé e padà wá sílé. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwa òbí ni ìtọ́jú ìrora rẹ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ òbí máa ń dúró kí ọmọ sunkún kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìrora tí ó ti gbilẹ̀ ṣòro láti rọ̀. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, aago ni kí a máa wò, kì í ṣe ẹkún.

Bí dókítà bá ní kí a lo parasitamọ́ọ̀lù, ìwọ̀n rẹ̀ ni mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan: ọmọ kílò 20 yóò lo 300. Wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà ni, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Ìwọ̀n inú páálí oògùn ni kí a lò, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Kí a kọ wákàtí sílẹ̀, kí bàbá àti ìyá má baà fún un léra. Ẹ má fún ọmọdé ní asipirín tàbí kodéìnì.

Ọmọ tí ó dákẹ́, tí kò jẹun, tí kò fẹ́ rìn, ìrora lè wà lára rẹ̀. Ẹ bi í léèrè. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ pa àlọ́ fún un. Èyí náà ń dín ìrora kù.

Bí ojú ọgbẹ́ bá wú tàbí tí ó ń ṣọyún, bí ibà bá dé, tàbí tí ìrora ń pọ̀ sí i, ẹ gbé ọmọ padà sí ọsibítù kíákíá.