Awò Wo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ràn àtimáa wo ẹyẹ, ẹ má kánjú ra awò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Awò olójú méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ ní. Tí ẹ bá rí 8x42 lára rẹ̀, 8 ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan tóbi, 42 sì ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé tó. Nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, níbi tí ẹyẹ Ibadan malimbe wà, abẹ́ igi máa ń ṣókùnkùn, ẹyẹ kì í sì í dúró sójú kan. Kí ẹ tó na ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn tán, ó ti fò lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú awò olójú méjì, ẹ kàn tẹjú mọ́ ẹyẹ náà, kí ẹ wá gbé awò sójú láìwo ibòmíràn.

Awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó sábà máa ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 20 sí 60, etí ọ̀sà ló ti wúlò, níbi tí ẹyẹ omi ti ń jẹ̀ lókèèrè. Àárọ̀ ló dáa jù. Bí oòrùn bá ti mú, ooru ilẹ̀ á máa mú àwòrán gbọ̀n.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyíkéyìí nínú wọn wo oòrùn láéláé. Ó ń fọ́ni lójú.