Wọ́n Wó Ògiri Ọ́fíìsì, Ṣùgbọ́n Etí Ò Bá A Lọ

Lọ́dún 2017, òdo kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni mo wà nígbà yẹn, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wó gbogbo ògiri inú ọ́fíìsì wa, wọ́n sì to tábìlì gígùn gígùn síbẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ẹ ó lè máa bára yín sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí." Lọ́jọ́ kan, mò ń tẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó jókòó tì mí ń ka nọ́ńbà àkáǹtì lórí fóònù: "zero, zero, five…" Kí n tó mọ̀, ₦85,000 ti di ₦850,000. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó tún un yẹ̀ wò kí owó tó jáde. Mo gba kúẹ́rì. Mo gbà pé olódo ni mí.

Ọ̀gá wa kọ́ ló dá àṣà yìí sílẹ̀ o. Ohun tó gbòde nígbà yẹn nìyẹn. Ní 2015, Facebook ṣí ilé kan tí wọ́n ń pè ní MPK20 ní Menlo Park, California. Frank Gehry, gbajúmọ̀ ayàwòrán-ilé, ló ya àwòrán rẹ̀. Yàrá kan gbàǹgbà ni, ó gba nǹkan bí èèyàn 2,800, Mark Zuckerberg fúnra rẹ̀ sì jókòó láàárín wọn. Èrò wọn ni pé tí kò bá sí ògiri, àwọn òṣìṣẹ́ á máa sọ̀rọ̀, ọgbọ́n tuntun á sì máa jáde. Ti owó náà wà níbẹ̀: tábìlì púpọ̀ á wọ àyè kékeré, owó ilé á sì dín kù.

Ṣé wọ́n sọ̀rọ̀ lóòótọ́?

Ní 2018, Ethan Bernstein àti Stephen Turban láti Harvard gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn ní ilé iṣẹ́ ńlá méjì, ṣáájú kí wọ́n tó mú ògiri kúrò àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò gba ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ó kàn ń mọ ẹni tó kọjú sí ẹnì kejì, tí wọ́n sì jọ ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo èsì rẹ̀: ọ̀rọ̀ ojúkojú fi bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù! Íméèlì ló wá pọ̀ sí i.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àmọ́ tí gbogbo ojú bá ń wò ẹ́, ńṣe ni wàá fi tìẹ pamọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà.

Etí ò ní ìpéǹpéjú

Ojú ṣeé dì, etí ò ṣeé dì bẹ́ẹ̀. Tí o bá fẹ́ rántí nọ́ńbà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ńṣe lo máa ń kà á sínú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tí etí ń gbọ́ á wá máa dàrú mọ́ èyí tí ò ń kà sínú. Ní 1976, Colle àti Welsh ní kí àwọn èèyàn há lẹ́tà sórí bí ẹnì kan ṣe ń ka èdè tí wọn ò gbọ́ sétí wọn. Síbẹ̀, àṣìṣe wọn pọ̀ sí i. Ariwo fáànù kì í dà wá láàmú tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í yí padà. Ohùn èèyàn ló ń lọ sókè sódò.

Nígbà tí mo ka èyí, ọkàn mi fúyẹ́. Mi ò kì í ṣe olódo.

Lẹ́yìn Kòrónà

Ní 2020, ọ́fíìsì ṣófo káàkiri ayé. Nígbà tí a padà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò wá lójoojúmọ́ mọ́, torí náà, àwọn kan ò ní tábìlì tiwọn mọ́: èyí tó bá ṣófo lo máa jókòó tì. Ìpàdé orí Zoom wá pọ̀, ìyẹn sì fẹ́ ilẹ̀kùn. Báyìí ni yàrá onígíláàsì kékeré, tó gba ẹnì kan, ṣe túbọ̀ ń yọ láàárín tábìlì.

Ìyẹn rán mi létí agbo ilé àwọn baba wa. Àgbàlá wà fún eré àti àlọ́, yàrá sì wà yí i ká fún ọ̀rọ̀ àṣírí. Kò sí ẹni tó ní ká mú ọ̀kan nínú méjèèjì.

Tí tiyín ò bá ní ògiri, ẹ ṣe iṣẹ́ nọ́ńbà láàárọ̀ kí èrò tó dé. Ẹ gbé fóònù jáde tí ẹ bá fẹ́ pè. Tí ẹ bá fi íápíìsì sétí, ẹ yan orin tí kò ní ọ̀rọ̀, torí pé orin ọlọ́rọ̀ náà ń da nọ́ńbà rú.

Ibi tí mo wà báyìí ní yàrá kékeré kan. Lọ́jọ́ owó oṣù, mo máa ń wọ ibẹ̀, mo máa ń ti ilẹ̀kùn. Mi ò tíì gba kúẹ́rì mìíràn.

Tiyín ńkọ́? Ṣé ògiri ṣì wà?