Àrèmabọ̀ àti Àkúdàáyà: Ikú àti Àjíǹde nínú Eré Orí Tábìlì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀run nìkan ni àrèmabọ̀. Síbẹ̀, Yorùbá kan náà ló ń sọ ìtàn àkúdàáyà, ẹni tó ti kú tí a tún rí láàyè. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta ko ara wọn? Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé wọn kò tako ara wọn, àti pé òfin kan wà nídìí wọn tí yóò wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn wa ṣe eré.

Irú eré tí mo ní lọ́kàn ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Ẹnì kan ni apàlọ́ àti adájọ́. Olúkúlùkù àwọn yòókù a máa ṣe ẹ̀dá-ìtàn kan. Wọ́n á da dáìsì, bíi ti lúdò, láti mọ̀ bóyá idà bà tàbí ó tàsé.

Ẹ̀dá-ìtàn lè kú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin eré náà tó jáde ní 2014, àlùfáà tó lágbára lè jí òkú tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, bí dáyámọ́ńdì tí iye rẹ̀ tó 500 owó wúrà bá wà, tí ẹ̀mí òkú náà sì gbà láti padà. Ibi tí ìṣòro wà nìyí: bí ẹgbẹ́ náà bá ti lówó, ikú di gbèsè lásán. Ẹni tó fi ẹ̀mí rẹ̀ dí ojú ọ̀nà kí àwọn yòókù lè sá là kò ṣe bẹbẹ mọ́.

Báwo ni ìtàn tiwa ti ṣe é? Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀nà mẹ́ta wò.

Èkíní ni àkúdàáyà. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé kú nílé, ó lọ fara hàn ní ìlú òkèèrè, ó ń ṣòwò, ó láya, ó bímọ. Ìlú bí Ìkòròdú, níbi tí ará Rẹ́mọ ti ń pàdé èrò Èkó, tàbí Ẹ̀pẹ́, níbi tí àlejò ti ń wá ra ẹja ní ọjà Olúwo, ló yẹ irú wọn, nítorí ojú àjèjì kì í ṣe tuntun níbẹ̀. Ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ bá dá a mọ̀ ni yóò pòórá. Kò san owó wúrà. Ilé àti ará ilé ni ó fi dípò.

Èkejì ni àbíkú. Òun ń padà sọ́dọ̀ ìyá kan náà, ṣùgbọ́n bí ọmọ tuntun ni, kì í sì í dúró. Ìyá ló ń jẹ ìyà àbọ̀ rẹ̀. Orúkọ ni òbí fi ń bẹ̀ ẹ́: Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Ẹ̀pẹ́ mọ orúkọ ìkẹyìn yìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Ohun tí orúkọ náà ń wí ni pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sìnkú mọ́.

Ẹ̀kẹta ni òkú tí kò bọ̀. Nínú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ, tó jáde ní 1952, ọ̀mùtí wá adẹ́mu rẹ̀ tó kú dé Ìlú Òkú. Ó rí i, ṣùgbọ́n adẹ́mu ní òkú kò lè bá alààyè gbé. Ẹyin ni ó fún un mú lọ.

Òfin tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nìyí: òkú lè padà sáyé, ṣùgbọ́n kì í padà sáyè rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún òkú pé ó di àrìnnàkò, ó di ojú àlá. Ojú ọ̀nà ni a lè ti pàdé rẹ̀, kì í ṣe ìdí ààrò.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú eré yìí ní Yorùbá, kí ó fi dáyámọ́ńdì sílẹ̀. Kí ó jẹ́ pé ẹni tó bá jí kò gbọdọ̀ wọ ìlú rẹ̀ mọ́, àti pé bí ọ̀rẹ́ bá pe orúkọ rẹ̀ lójú ọjà, ó di àwátì. Nígbà náà ni àwọn tó jókòó yí tábìlì ká yóò rò ó dáadáa kí wọ́n tó ní kí á jí òkú: ṣé wọ́n lè rí ẹni wọn lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n?